Ewé mẹ́ta tí mo rà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àtijọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra ẹrù olè rí.

Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ní Òṣogbo níbí. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ wá bá mi, ó yọ ewé ìwé mẹ́ta nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Àfọwọ́kọ ni, tàdáwà dúdú, pupa níbi tí orí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń wo irú ẹ̀. Ṣé ó lówó lórí?"

Inú mi dùn débi tí mo gbàgbé ara mi. Mo na ewé kan sókè sí oòrùn, mo fi àmì òṣùpá mẹ́ta tí àwọn tó ṣe tákàdá náà fi pamọ́ sínú rẹ̀ hàn án. Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe irú tákàdá yẹn láyé ọjọ́un, láàárín ọdún 1800 sí 1900. Ọ̀nà Tírípólì ló ń gbà, ràkúnmí á gbé e la aṣálẹ̀ kọjá, kó tó dọ́dọ̀ àwọn àfáà ilẹ̀ wa. Mo tún ka ìlà díẹ̀ fún un. Ìwé lórí ogún pípín ni! Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní ₦3,000, mo sì ń yin ara mi pé mo ti gba ìwé náà lọ́wọ́ oníàkàrà tí ì bá fi dì í.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tún dé, pẹ̀lú ewé mọ́kànlá. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló na ewé sókè: "Àǹtí, ẹ wo òṣùpá mẹ́ta." Iye tó dá lé ẹyọ kan ju iye tí mo fi ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Àwọn àfáà àtijọ́ kì í sábà rán ìwé wọn pọ̀. Ewé kọ̀ọ̀kan ń dá wà nínú àpò awọ ni. Kó má baà dàrú, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tí ewé tó kàn fi bẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ èyí tó ṣáájú. Mo fa dúrọ́ọ̀ mi yọ, mo wo ìsàlẹ̀ ewé kẹta tí mo rà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà lókè ewé tó mú dání. Àyà mi já. Odindi ìwé kan wà níbì kan nínú ìlú yìí, owó mi ló sì ń tú u.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni mo dúró nísàlẹ̀ àjà, tí mo na ọwọ́ méjèèjì.

Mi ò rà á. Ó bínú lọ, mi ò sì rí ewé mọ́kànlá náà mọ́ di òní. Kíkọ̀ tí mo kọ̀ kò gbà wọ́n là. Ìgbà àkọ́kọ́ ló yẹ kí n ti béèrè pé: ilé ta ni ewé yìí ti wá?

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Ní 2014, iléeṣẹ́ Hobby Lobby ní Amẹ́ríkà ra wàláà alámọ̀ kan láti Iraq, tí wọ́n kọ àlá inú ìtàn Gilgamesh, ọba akọni ayé àtijọ́, sí, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Lẹ́tà wà lẹ́yìn rẹ̀ o: wọ́n ní inú àpótí àfọ́kù idẹ kan ló wà, tí wọ́n rà ní gbàǹjo ní 1981. Irọ́ ni lẹ́tà náà. Ní 2021 ni wàláà náà padà sí Iraq. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fa lẹ́tà yọ fún yín, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ìwé pápírọ́ọ̀sì, tákàdá àtijọ́ tí wọ́n fi koríko odò ṣe, tí Ìhìnrere Júdásì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbàanì kan tí kò sí nínú Bíbélì. Wọ́n hú u ní Íjíbítì láàárín 1970 sí 1980. Ọlọ́jà ń wá owó gọbọi, kò rí oníbàárà; ó kó o sínú àpótí báńkì ní New York fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó tún gbà á lẹ́yìn ìyẹn gbé e sínú fíríìsà. Fíríìsà, bí ẹja tútù! Nígbà tí wọ́n fi máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006, ó ti rún wómúwómú.

Òfin wa ti 1979 sọ pé ẹni tí ìjọba kò fún láṣẹ kò gbọdọ̀ ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ ni irú ohun bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ibodè kọjá láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló mú mi lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní òṣùpá mẹ́ta. Bí àlejò bá gbé ewé wá láìsọ ilé tó ti wá, ẹ má ka ìlà kan fún un, ẹ má sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ fún un lómi, kí ẹ béèrè ìyá rẹ̀ àgbà.

Àwọn kan á ní bí a kò bá rà á, ikán á jẹ ẹ́ tàbí kó sọdá òkun. Mo gbọ́. Ikán kì í ṣàwàdà. Àmọ́ owó ewé kan tó láti ra àpótí onírin àti káńfọ̀ fún odindi ìwé, kí ìwé sì jókòó sílé olówó rẹ̀.

Olùkọ́ kéwú mi àtijọ́ ló dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀: agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo kó ewé mẹ́ta mi lọ. Màmá àgbàlagbà kan ló gbà mí lálejò. "Ṣé ẹ wá rà á ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní rárá, mà, mo wá dá a padà ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àpò awọ náà wá. Orí àjà ni wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo to ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àyè wọn. A ya fọ́tò gbogbo èyí tó kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Níbi tí mọ́kànlá yẹn ti yọ, wọ́n gé páálí Indomie, wọ́n fi há a, kí a lè mọ ibi tí a ó dá wọn sí bí wọ́n bá dé. Mo tún yà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Páálí náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ti gbúròó wọn.

Mo ní, "Rárá, mà."