Màámi ní abẹ́rẹ́ ti há

Sátidé

Iná dé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. N kò tilẹ̀ rántí fóònù tó ti kú, ìdí ẹ̀rọ àwo Bàámi ni mo gbà lọ.

Láti ìgbà tí àbúrò mi ti fi àwo yìí ránṣẹ́ láti Jámánì ni mo ti ń gbé páálí rẹ̀ yẹ̀ wò bí aṣọ ọdún. Minimal Nation ni orúkọ rẹ̀, orin tẹ́kínò (techno) ni, orin ijó tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Robert Hood, ará Detroit ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 1994, iléeṣẹ́ Axis tí Jeff Mills dá sílẹ̀ ló sì gbé e jáde. (Jeff Mills yìí náà ló bá Tony Allen wa, onílù Fẹlá, ṣe àwo ní 2018, ẹ má pè wá lálejò níbẹ̀.) Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, àtúntẹ̀ ni.

Lórí ibi tí abẹ́rẹ́ wà, kọ́bọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ tí Bàámi fi sẹlótéépù lẹ̀ mọ́ ọn kó má baà máa fò. Ó ti dúdú. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ní irú ìwúwo bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ àwo, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ yọ kọ́bọ̀ Bàámi?

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń rin ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi pè mí.

"Àjàní, abẹ́rẹ́ yẹn ti há. Gbé e kúrò kó tó ba àwo jẹ́."

Mo ní kò há, pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn.

"Ta ló kú fún wọn tí ẹnikẹ́ni ò fi lanu kọrin?"

Haruna Ishọla ni tiwọn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí, tó di olóògbé ní 1983. Mo fẹ́ ṣàwíjàre pé kò sí gìtá nínú àpàlà rẹ̀ náà, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù àti agogo ni, agogo á sì máa sọ ohun kan náà títí orin á fi parí, kò sẹ́ni tó ń ní ó há. Ṣùgbọ́n Haruna ń ki èèyàn lórí rẹ̀. Hood ò ki ẹnì kankan. Ó dà bíi pé Haruna àtàwọn onílù ti lọ jẹun, alágogo nìkan ló ṣẹ́kù, kò sì tíì mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ nìyẹn. Bí kò ti sí ohun púpọ̀ tí etí ń gbọ́, díẹ̀ tó bá yí padà, ó máa ń ta mí jí.

Mo yí i sí ojú kejì. Lábẹ́ ìlù, mo gbọ́ nǹkan kan: ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Mo rò pé inú àwo ni. Mo sún mọ́ sípíkà. Àṣé ewùrà ni! Ọwọ́ Màámi ti bọ́ sínú ìlù náà láìmọ̀, bí wọ́n ṣe ń fà á lórí páànù ìrin ló ń bá Detroit mu rẹ́gí. N kò wí nǹkan kan. Bí mo bá wí, wọ́n á yí ọwọ́ padà.

Ìgbà náà ni iná lọ. Ohùn pòórá, àwo ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kọ́bọ̀ Bàámi láìsọ ohunkóhun. Ọwọ́ Màámi ò dúró ní tiwọn. Ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, títí ewùrà fi kéré débi tí wọ́n ń ṣọ́ ìka.