Ẹni tí mo fi fọ́ọ̀mù rán ló ba fọ́ọ̀mù jẹ́

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo bá pátákó wa nílẹ̀. Wọ́n ti dojú rẹ̀ kọ ògiri, wọ́n sì ti kun ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dà tuntun. Orúkọ màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà fúnra wọn ló wà lókè ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ṣáájú ọjọ́ yẹn, màmá yìí kan náà ló fún wa ní márùn-ún nínú márùn-ún nínú fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ láti béèrè bí iṣẹ́ wa ṣe rí lójú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó àwọn tó gba franchise, ìyẹn àwọn tó sanwó láti máa fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíì tajà, ẹ mọ irú fọ́ọ̀mù tí mò ń wí. Ṣọ́ọ̀bù 14 ló ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ta adìyẹ díndín àti ìrẹsì. Ìbéèrè 22 ni mo kọ sórí Google Forms, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn dáhùn, kò sí ẹni tó fún wa ní ohun tó dín ní mẹ́rin. Mo gbé e fún ọ̀gá, wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

"Màámi, ṣebí ẹ kọ ọ́ pé ọjà ń dé dáadáa?"

Wọn ò bú mi. Wọ́n ṣí fíríísà, wọ́n fa páálí kan jáde, èyí tó gbẹ̀yìn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Omi pupa ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Adìyẹ náà ti yọ́ lójú ọ̀nà, ó sì tún dì níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ta lo fi fọ́ọ̀mù yẹn rán sí mi? Ṣebí ẹni tó ń kó adìyẹ wá ni. Ó dúró tì mí níbí yìí, ó ń wo fóònù mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kí n wá kọ ọ́ pé adìyẹ rẹ̀ ti yọ́? Ta ni yóò já ọjà fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Mo jókòó, mi ò rí nǹkan kan sọ. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi gba orúkọ wa, wọ́n ṣì ń san án.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, a tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa ló pè wọ́n, ìbéèrè mẹ́fà péré. Mẹ́sàn-án nínú àwọn 13 tó kù ló dárúkọ adìyẹ yíyọ́. A pààrọ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ má fi fọ́ọ̀mù rán ẹni tí ẹ̀bi lè já lé lórí.

Ẹ yọ orúkọ kúrò pẹ̀lú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣọ́ wọn ni mo fi béèrè orúkọ o, mo fẹ́ mọ ẹni tí a máa ràn lọ́wọ́ ni. Àmọ́ yíyọ orúkọ nìkan ò tó. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo la ní ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí mo bá ti béèrè ìlú, mo ti béèrè orúkọ nìyẹn. Ẹ sì yẹ fọ́ọ̀mù náà wò dáadáa, kó má lọ jẹ́ pé ó ń gba ímeèlì wọn.

Mo béèrè pé, "Ṣé inú yín dùn sí ọjà wa?" Àgbàlagbà wo ni yóò dáhùn pé rárá? Ohun tí a béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni pé, "Nígbà tí ọjà dé gbẹ̀yìn, báwo ni páálí rẹ̀ ṣe rí?" Ìdáhùn tú jáde.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì sọ pé màmá ló yẹ kó la ẹnu. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àwa là ń já ọjà fún wọn, àwa là ń gba ìdá wa nínú ohun tí wọ́n bá tà lóṣooṣù, àwa náà la lè kọ̀ láti tún ìwé àdéhùn wọn ṣe. A wá tún rán ẹni tó ń já ọjà láti dúró tì wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò wọn yóò tẹ márùn-ún.

Màmá ò tíì padà. Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n ní adìyẹ ààyè làwọn ń rà báyìí.