Kajú tiwa, iye tiwọn

Bí ẹ bá dé ìlú Ìyàrà ní ìpínlẹ̀ Kogí lásìkò kajú, òórùn èso kajú tó ń rà lábẹ́ igi ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Màmá mi á yọ kóró kúrò lára èso, wọ́n á sá a sóòrùn kí ó má baà bu. Alágbàtà á wá ki ọwọ́ bọ àpò, á fi ọ̀bẹ la kóró mélòó kan, á yọjú wo inú wọn, á sì dá iye lé e. Ta ni yóò bá a jiyàn? Owó ilé-ìwé ń dúró.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kajú Nàìjíríà, tòun ti èèpo ni wọ́n ń kó o lọ sí Vietnam àti Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ wà. (Kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀rùn o, oje èèpo rẹ̀ ń bó ọwọ́.)

Mo ní kí a dáwó ra òṣùwọ̀n tiwa, kí a kó ẹrù jọ tà. Bàbá mi ní alágbàtà ò ní wá mọ́.

"Bàbá, wọ́n á wá. Ṣé inú ọkọ̀ ojú omi wọn ni kajú ti ń so ni?"