Òórùn èéfín nínú ọkọ̀: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tó ń rùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ̀ ọ́. Taksí ni mo ń wà láti Kétu sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Benin, ọ̀nà Pobè àti Sakété, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, break àtijọ́ ni mo ń lò, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn, èyí tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni òórùn èéfín ẹ́ńjìnnì tó máa ń wọ inú ọkọ̀, torí nǹkan yìí ń pa èèyàn, ọ̀pọ̀ wa ò sì kà á sí mọ́. Wọ́n á ní ọkọ̀ àgbà ni, ọkọ̀ àgbà gbọ́dọ̀ rùn. Rárá o. Ọkọ̀ kì í ṣàdédé rùn, ibì kan ló ti là tàbí tó ti já, ibòmíì sì tún wà tó ṣí sílẹ̀ tí èéfín ń gbà wọlé. Ibi méjì ni. Ẹni tó bá wá ẹyọ kan tó fi ìkejì sílẹ̀, òórùn náà á tún padà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára. Inú èéfín sàlẹ́ńsà ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní monoxyde de carbone, CO, kò láwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn nímú. Téèyàn bá ti fà á símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po 200, òun ni ẹ̀jẹ̀ á wá máa gbé kiri ara. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì, kí ara rọ, kí oorun máa kunni, tó bá sì pọ̀, ẹni tó sùn kò ní jí mọ́. Lójú ọ̀nà wa níbí, tọ́mọ bá ń bì lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn ìyá á ní òòyì ọkọ̀ ni, wọ́n á bá a wá ọsàn kó máa fi run imú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí orí bá ń fọ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin nínú ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn tí ara wọn fúyẹ́, ẹ gbàgbé òòyì ọkọ̀, ẹ wá èéfín lọ.

Òórùn tá à ń gbọ́ yẹn, òun ló ń ta wá lólobó pé CO lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí a ò bá gbọ́ òórùn, kò ní ká sọ pé kò sí o. Imú náà kì í sì í pẹ́ kó tó gbà fún nǹkan. Ìyá kan tó ń ta gàrí wọkọ̀ mi ní Sakété, kò tíì fìdí lélẹ̀ dáadáa tó ní "Ọmọ mi, òórùn kí ló wà nínú ọkọ̀ ẹ yìí?" Àwa tá a ti ń bọ̀ láti Kétu, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ní tiwa, mo wá ní "Ìyá, ẹ dákun, níbo lẹ ti ń gbọ́ ọ, iwájú àbí ẹ̀yìn?" Ó ní ẹ̀yìn ni, ọwọ́ ibi tí wọ́n kó ẹrù sí. Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mo máa ń bi, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé imú ara mi.

Irú òórùn wo ni? Èyí náà ṣe pàtàkì torí kì í ṣe gbogbo òórùn ni èéfín. Ẹsáǹsì (epo pẹtiróòlù) tútù kì í rùn bí ẹsáǹsì tó ti jó. Tó bá jẹ́ ẹsáǹsì tútù lẹ ń gbọ́, ẹ wo ìdérí táǹkì, ẹ wo àwọn rọ́bà tó ń gbé ẹsáǹsì wá síwájú, rọ́bà àtijọ́ máa ń sán wẹ́wẹ́ lábẹ́ kápò, ìdérí iwájú ọkọ̀ tó bo ẹ́ńjìnnì, tí oòrùn àti ooru bá ti lù ú, ìyẹn ò sì ṣe é fi dọ̀la torí iná ló ń wá. Tó bá ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ́ìlì ń yọ́ kán láti abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì lókè sórí irin gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde. Òórùn tó ń dùn bíi ti nǹkan aládùn tó gbóná, omi rédíétọ̀ ni, èyí aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú gálọ́ọ̀nù, tó bá jẹ́ omi lásán lẹ ń bù sí i kò ní rùn bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó ń jó, ẹ páná ọkọ̀ kẹ́ ẹ wo wáyà. Ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ wo bátìrì bóyá iná ń wọ̀ ọ́ jù.

Ti kpayo, ẹsáǹsì fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé bìdọ́ọ̀nù kpayo sẹ́yìn ọkọ̀, bó ti ẹ̀ jẹ́ lítà márùn-ún péré kí ọ̀nà má bàa dá wa dúró. Bìdọ́ọ̀nù tí ìdérí ẹ̀ ò le á máa rùn, aṣọ tí wọ́n fi nù ún á máa rùn, ẹ ó wá máa tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lórí nǹkan tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ gbé e kúrò ńbẹ̀. Oṣù September 2023, ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Podji gbiná, ó pa ju èèyàn 30 lọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ó wá ku èéfín gan-an, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí rèé. Ẹ má tíì gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ kàn ní "ọkọ̀ mi ń rùn", á wọ abẹ́ ọkọ̀, á jó ibi tó bá kọ́kọ́ rí, ẹ ó sanwó, ẹ ó lọ, òórùn á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó ń rùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ṣé tẹ́ ẹ bá dúró pẹ̀lú iná lára ni àbí tẹ́ ẹ bá ń sáré? Ṣé tí fáànù bá ń fẹ́ ni? Ṣé tí wọ́n bá ṣí gíláàsì ẹ̀yìn ni? Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀ láti gun òkè ni?

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ dúró ló ń rùn, bóyá nínú gó-slò Ouando níbi tí ọkọ̀ ò ti rìn, tí fáànù sì ń fẹ́, abẹ́ kápò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn wọlé wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lẹ́yìn kápò gan-an. Rọ́bà kan máa ń wà létí kápò lápá ibẹ̀ tó ń dí èéfín ẹ́ńjìnnì kó má bàa kọjá, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ rọ́bà yẹn ti já dànù, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀. Ẹ yí fáànù sí ibi tí kì í ti fa atẹ́gùn ìta, tí òórùn bá dín kù, ẹ ti mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi rọ́bà tuntun sí i, ẹ wá ohun tó ń tú èéfín sílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, ó lè jẹ́ joint (gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú irin méjì) tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti irin tí èéfín kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ó lè jẹ́ rọ́bà tó ń gbé èémí ẹ́ńjìnnì tó yọ kúrò lẹ́nu ibi tí wọ́n kì í sí, ó sì lè jẹ́ ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ni kò wọ̀ dáadáa.

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ń sáré tí gíláàsì ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí ló ń rùn, ẹ̀yìn ni. Ẹ wo break èyíkéyìí tó ti ọ̀nà erùpẹ̀ pupa dé, ẹ wo bí eruku ṣe bo gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ ju iwájú lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń ya atẹ́gùn kọjá, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣófo, atẹ́gùn á yí padà wá kún ibẹ̀, á kó eruku wá, èéfín sàlẹ́ńsà tó wà lábẹ́ ibẹ̀ náà á bá a wá. Gíláàsì tó ṣí yẹn wá ń fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ jáde, ohun tó máa rọ́pò ẹ̀ á sì gba gbogbo ihò tó bá rí lẹ́yìn wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn kan á ṣí gíláàsì kí òórùn lè lọ, òórùn á wá máa pọ̀ sí i.

Èyí ló sì mú mi dé orí ohun tá a fẹ́ràn jù lójú ọ̀nà yìí, kíkó ẹrù títí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò fi ní í tì mọ́, ká fi rọ́bà táyà so ó kó máa ṣí ẹnu. Ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀ yín. Àpò àgbàdo àti gàrí tó yọ síta yẹn, abẹ́ wọn gan-an ni sàlẹ́ńsà wà, àwọn ọmọdé ló sì máa ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn torí wọn ò ga. Ẹ̀rọ tó dáa jù lọ pẹ̀lú sàlẹ́ńsà tuntun, tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èéfín á wọlé. Ẹ gbé ẹrù sórí ọkọ̀. Tí kò bá sì sí bẹ́ẹ ṣe lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí fáànù iwájú máa fa atẹ́gùn ìta wọlé tagbáratagbára, kó máa ti èéfín padà síta, ẹ má sì jẹ́ kó jìnnà. Èmi ò gbà á mọ́, èrò ì báà bínú.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná ló ń rùn, sàlẹ́ńsà tàbí irin tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ti là. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń wá a, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta gbangba o, kò gbọdọ̀ sí nínú gáráàjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀, bréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ ṣáná sí i, ẹ fetí sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́ tó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, tó wá ń rọlẹ̀ bó ṣe ń gbóná, irin ló ń fẹ̀ tó ń pa ojú ibi tó là dé. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sán kò ní gbọ́ ọ. Mẹkáníìkì mi nítòsí Àkàbà Ìdẹ́nà ní Kétu máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ fi àkísà nípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, èéfín á wá ibòmíì gbà, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń sín níbi tó ti là. Kẹ́ni náà má fi ọwọ́ lásán ṣe é, kó má sì gbé ojú sí i. Omi ọṣẹ náà dáa, tí irin ṣì tutù, ẹ ta á sí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ibi tó bá ń hó ni. Ẹ sì wo dúdú, èéfín máa ń fi ẹ̀dú sílẹ̀ lára ibi tó ń gbà, kì í parọ́. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Tí wọ́n bá rí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi agolo tòmátò àti wáyà dì í. Mo mọ̀ pé owó ò sí, ṣùgbọ́n ooru á jó agolo yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó sì ti rò pé ó ti tán.

Ibi tó ń gbà wọlé ló kù, ẹ̀rù ò sì bà mí láti sọ pé òun ni àwọn mẹkáníìkì kì í wá. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ sókè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gba pọ́ọ̀tù Kútọnu wọlé, Yúróòpù ni wọ́n ti lò ó, wọ́n sì máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà níbẹ̀ nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn á ti jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn nínú òkùnkùn kí ẹlòmíì máa tan tọ́ọ̀ṣì yí ọkọ̀ ká àti lábẹ́ ẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé, èéfín náà lè gbà á. Ẹ wo ìdí ọ̀pá jíà, rọ́bà tó bò ó máa ń ya. Ẹ wo ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà, gbogbo ihò tí wáyà gbà kọjá ló yẹ kó ní rọ́bà tiẹ̀, àwọn tó ń fi rédíò síṣẹ́ fẹ́ràn láti lu ihò tuntun kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ báyẹn. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ fi bébà sáàárín rọ́bà ẹ̀, ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ fa bébà náà: tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ibẹ̀ ti kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká, kò gba owó kankan.

Àwọn tó ń fi lọ́fínńdà sínú ọkọ̀ láti fi pa òórùn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń pa ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní ni.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé orí ń fọ́ yín tàbí tí èrò kan rọ lójú ọ̀nà, ẹ páná, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé ẹni náà kúrò níbi èéfín. Tó bá ń bì, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò já geere tàbí tó dákú, ọsibítù ni, ẹ má ní kó sùn kó lè yá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé èéfín ọkọ̀ ni, ẹ má dúró kó bèèrè, torí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka láti fi wo ọ́síjìn kì í mọ CO yàtọ̀, ó lè máa sọ pé ọ́síjìn pé nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò pé rárá, ẹ̀jẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n gbà kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ti fún un ní ọ́síjìn kí èsì tó dé.