Ta Ló Ń Lé Mi?

"Con calma, signora."

Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sàn-án òní. Ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, èmi sì ń fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí i bí ẹni fẹ́ já a. Aago méjì ti kọjá, wọ́n ti tilẹ̀kùn, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Omi lásán ni mo fẹ́ rà o. Ohun tí bàbá wí nìyẹn: Ẹ rọra, màdáámù.

Ta ló sọ fún un pé mò ń sáré?

Cefalù ni mo wà, létí òkun Sicily. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi wá láti Palermo, mo wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Ọba Roger Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1131, mo jẹ ẹja. Ó tán.

Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá yẹn ń bú mi ni. Ní Peckham, ní London, bí ẹnì kan bá ní kí o rọra, ìjà ti fẹ́ dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sí etí òkun, mo rí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ lórí yanrìn. N kò rán an níṣẹ́.

Mo wá bínú. Ó kúkú rọrùn fún bàbá, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló jókòó sí. Ọmọkùnrin adúláwọ̀ tó ń kiri fìlà nínú oòrùn, tó to bíi mẹ́wàá léra wọn sórí, ṣé a máa sọ fún òun náà pé kó rọra? Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò nílò fìlà. Àmọ́ òun gan-an kò sáré. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń rìn. Àlàyé mi bàjẹ́ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ìfọṣọ àtijọ́. Omi odò Cefalino ń tú jáde lẹ́nu àwọn orí kìnnìún onírin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó mọ́ ju fàdákà lọ, ó sì tutù ju yìnyín lọ. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọn ò parọ́. Àwọn òkúta tí wọ́n ń fọ aṣọ lé ti jẹ, ó ń dán bí àárín ọlọ. Màmá Ìlá ì bá ti tú aṣọ sílẹ̀ kí n tó yọ fóònù. Màmá tí kì í sáré, tí kì í sì í jókòó. N kò mọ bó ṣe ń ṣe é. Ó yẹ kí n ti bi í kí oṣù kẹta tó...

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, bàbá ti wọlé, àga rẹ̀ nìkan ló wà níta. Ó ṣe mí bíi kí n jókòó sí i díẹ̀. Mo kọjá.

Mo ti ṣètò áláàmù sí aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe.