Ọpẹ́ Mi Lórí Ẹ̀rọ Ọkàn Tí Wọ́n Yọ Jáde

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin ará Kétu lápapọ̀, mo kí yín. Ọpẹ́ tí mo mú wá lónìí dá lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ àyà mi lápá òsì, èyí tí ó ń mú ọkàn mi lù déédéé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ojú ibẹ̀ pọ́n, ó wú, omi sì ń sun jáde láti ojú ọgbẹ́ tí a rò pé ó ti jinná. Àwọn kan ní kí a fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, kí n sì ra oògùn lọ́jà. Ọpẹ́ ni fún dókítà ní Kútọnu tí ó kọ̀ jálẹ̀: ó ní abẹ́rẹ́ lè gbé kòkòrò mìíràn wọlé, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò kí oògùn kankan tó kàn mí lẹ́nu. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus ni ó sábà máa ń ba irú ẹ̀rọ yìí jẹ́ mọ́ni lára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó tètè hù nínú àwo àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń wò bóyá kòkòrò yóò hù jáde. Ẹni tí ó ń bojú tó àwo náà kò dà á nù. Ó ní sùúrù títí kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Mycobacterium fortuitum fi hù jáde.

Inú omi àti erùpẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé. Nígbà tí àwọn ará ilé gbọ́ pé ó bá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tan, wọ́n ya ife àti abọ́ mi sọ́tọ̀. Àbúrò ọkọ mi tilẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nawọ́ owó sí mi. (N kò bínú sí i, ẹ̀rù ni.) Nọ́ọ̀sì kan ni ó pè wọ́n jọ, tí ó là á yé wọn pé kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Èyí tí ó le jù ni pé a gbọ́dọ̀ yọ ẹ̀rọ náà tòun ti wáyà rẹ̀, nítorí kòkòrò a máa lẹ̀ mọ́ ọn, a sì fi ohun tí ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bo ara rẹ̀, tí oògùn kò fi ní ràn án. Ẹ̀rọ tí ọkàn mi gbẹ́kẹ̀ lé ni wọ́n fẹ́ yọ yìí o! Àánú Ọlọ́run ni pé wáyà náà kò tíì pẹ́ nínú iṣan, ẹran kò tíì dì í mú, ó sì ṣeé fà jáde. Wọ́n gba ọrùn mi ki wáyà mìíràn wọ inú ọkàn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kan níta, mo sì ń wo iná rẹ̀ tí ó ń ṣẹ́jú ní gbogbo òru. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ tán ni wọ́n tó fi tuntun sí apá ọ̀tún. Mo gba abẹ́rẹ́ amikacin tí ó ń pa kòkòrò, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ yẹ etí mi wò nítorí ó lè ba etí jẹ́, mo sì lo ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò mìíràn, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ bá mi yin Olúwa. Ìrẹsì àti ẹran tí ẹ rí lẹ́yìn ilé ìjọsìn, gbogbo yín ni mo sè é fún. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rántí bu ti àwọn àgbà kọ́kọ́.