Garawa lítà 14

Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì pè mí lálẹ́ àná, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bílíìṣì tí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100 ni wọ́n fún wa nínú ìbéèrè. Wọ́n ní ká fi omi là á, kó di lítà 14 tó jẹ́ ìdá 0.5 nínú 100. Lítà mélòó ni kí n bù?"

Mo ní kó gbé ìwé sílẹ̀ ná, kó rántí gàrí tí a máa ń mu. Bí omi bá pọ̀ jù, adùn á dínkù, àmọ́ ṣúgà tí a dà sí i ò lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn inú bílíìṣì: omi nìkan ló ń pọ̀ sí i.

Ó dákẹ́. Ó pe bílíìṣì ní x, ó kọ ọ́: 3.5x = 0.5 × 14. Ìyẹn 7. x wá di 2.

"Bílíìṣì lítà 2, omi lítà 12!"

Olùkọ́ kan ló sọ fún un nígbà kan pé orí rẹ̀ ò gba ìṣirò. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Lálẹ́ àná, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fún òun ní ìbéèrè mìíràn.